Bí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ inú Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Nínú ilé ní Mágbòrò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, dídagẹ̀rẹ̀ tí páìpù dagẹ̀rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí omi gbé ẹ̀gbin lọ sínú sókáwéè. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Pọ́ǹpù ni ó ń fa omi òkun wọlé láti fọ àwo náà, òun kan náà ni ó sì ń ti ẹ̀gbin jáde, tàbí sínú táńkì.

Ewu ńlá wà níbẹ̀. Bí omi bá ti kún inú páìpù, ó lè máa wọlé lọ lẹ́yìn tí pọ́ǹpù ti dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń gba inú rọ́bà ṣàn láti inú àgbá tí ó wà lókè sí kẹ́ẹ̀gì tí ó wà nílẹ̀. Ọkọ̀ lè ti ibẹ̀ rì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ páìpù gòkè kọjá ojú omi, tí wọ́n sì ń fi ihò atẹ́gùn sí góńgó rẹ̀. Atẹ́gùn tí ó bá wọlé ni yóò já omi náà.

Olùkọ́ lè fi korobá omi méjì àti rọ́bà tín-ín-rín kan fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́: bí ó bá lu góńgó rọ́bà náà, ṣíṣàn dópin.