Kí ilẹ̀kùn tó kúrò lára ògiri: bí a ṣe lè kọ ohun èlò ilé àtijọ́ sílẹ̀ fún ìlò tuntun

Ẹni tó bá rìn káàkiri àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ yóò rí ilé Àgùdà tó ń wó. Àwọn tó padà bọ̀ láti Bràsíl, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bàhíà ní ọdún 1835, àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n mú irú ilé yìí wá sí etí òkun wa. Bí òjò bá wó ògiri kan, ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí wa: igi òrùlé di igi ìdáná, ilẹ̀kùn ọlọ́nà di ọjà, amọ̀ di àlàpà.

A kò lè ní kí gbogbo ilé dúró. Àtúnṣe ń gba owó, ilé ẹbí sì ní ọ̀pọ̀ onílé tí ohùn wọn kì í tètè ṣọ̀kan. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni pé kí ohun èlò má ṣe kúrò nínú ilé láìsí àkọsílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí a kò mọ ilé tó ti wá, igi lásán ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ wó ilé tó fẹ̀ ju 1,000 mítà onígun mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní diagnostic PEMD, kí ó fi hàn ohun tó wà nínú ilé náà àti èyí tó ṣeé tún lò. Ní Họ́láńdì, Madaster ní ibi ìkọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń ní ìwé ìrìnnà fún ohun èlò rẹ̀. Ìdí kan ni èéfín: ṣíṣe sìmẹ́ńtì nìkan ń mú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gáàsì CO2 tí ọmọ aráyé ń tú sí ojú ọ̀run wá. Ohun tí a bá tún lò, a kò ní ṣe òmíràn dípò rẹ̀.

Tiwa kò nílò ju ìwé, ẹ̀rọ fọ́tò, okùn ìwọ̀n àti ọ̀dà lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ya fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan níbi tó wà, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan án. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú kò ní rí. Nínú ìwé, iwájú nọ́ńbà náà, kí a kọ irú ohun tó jẹ́, ohun tí a fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, yàrá tó ti wá, bóyá ikán ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti jẹrà, àti ibi tí ó ń lọ. Ìlà tó gbẹ̀yìn yìí ni a máa ń gbàgbé jù. Tí a bá ń tú ilé, òrùlé ló ń ṣáájú ògiri. Kí káfíńtà fa ìṣó yọ, kí ó má fi ayùn gé igi.

Amọ̀ náà yẹ ní kíkọ. Èyí tí kò ní sìmẹ́ńtì nínú ṣeé rẹ sómi, kí a tún fi mọlé. Èyí tí a ti pò mọ́ sìmẹ́ńtì kò tún lè padà di amọ̀ rírọ̀. Kí a tún kọ bóyá wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà, nítorí irú rírẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń há omi mọ́ inú ògiri, tí yóò sì máa bà á jẹ́ láti inú.

Ohun méjì kò yẹ ní títún lò láìsí ìmọ̀ràn. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú: kí a má ṣe fá a ní gbígbẹ, kí a má sì fi igi bẹ́ẹ̀ dáná oúnjẹ. Ìbolé tó ní amiante nínú, kí a má ṣe fọ́ ọ.

Ìwé yìí ń dáàbò bo ẹbí pẹ̀lú. Kí olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá béèrè ẹni tó ta ilẹ̀kùn bàbá àgbà, ìwé ni yóò dáhùn, kì í ṣe ìjà.

Gbogbo ọmọ Kétu mọ Àkàbà Ìdènà. Ogun Dàhòmì pa ìlú náà run ní ọdún 1886, síbẹ̀ títí di òní a mọ orúkọ ẹnubodè náà, a sì ń sọ ìtàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé lásán kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, àfi tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀, ilé tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ní orúkọ káfíńtà tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti mọlémọlé tó mọ ògiri, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Fọ́tò kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn.