Èéfín Tírélà àti Epo tí A Rọ sí I

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ni yóò rú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, gbé jáde ní 1897, nítorí ohun tí a bá rọ sí táǹkì tírélà, agbérù-má-ráhùn, kì í pẹ́ kí ó tó hàn lẹ́nu sàláńsà.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní pọ́lọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì kọ́kọ́ ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, kí nọ́súlù tó tú epo wínníwínní sí i, tí iná yóò sì ràn fúnra rẹ̀. Epo tí ó bá ṣù jọ síbi tí afẹ́fẹ́ kò kárí kì í jó tán; òun ni èédú tí tírélà ń pọ̀ jáde bí ó bá ń gun òkè.

Ṣùgbọ́n nídìí imí ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti bá epo rọ̀bì jáde, bí ilé ìfọpo kò bá sì yọ ọ́, yóò di gáàsì atanímú, yóò sì ba asẹ́ olówó iyebíye tí wọ́n fi sínú sàláńsà ọkọ̀ òde-òní jẹ́, débi pé ọkọ̀ tuntun tí ń mu epo burúkú kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ògbólógbòó lọ. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: láti 2009, Yúróòpù kò gbà ju ìdá 10 imí ọjọ́ nínú mílíọ̀nù kan lọ, nígbà tí òfin Nàìjíríà ṣì ń gba 3,000 ní 2016. Ní Abùjá, ní Oṣù Kejìlá 2016, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Kọtidifọọ fẹnu kò sí 50. Ìlérí dùn ún ṣe.

Síbẹ̀, epo mímọ́ kò lè yanjú gbogbo ìṣòro èéfín. Ooru ẹ́ńjìnnì a máa so náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pọ̀ di májèlé; kódà epo tí a fi ewéko ṣe, tí í dín èédú kù, lè fi díẹ̀ kún májèlé náà. Omi yúríà tí wọ́n ń tú sínú èéfín ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun rẹ̀. Táǹkì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ lára àwọn tírélà tuntun, awakọ̀ tí ó bá sì jẹ́ kí ó gbẹ yóò rí i pé agbára ọkọ̀ náà ń dínkù lójú ọ̀nà.