Ìwé Méjì, Ẹnu Kan: Ìwádìí lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àdéhùn Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwádìí ṣíṣe àti ìròyìn kíkọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, ọdún 1859, Martin Delany àti Robert Campbell bá Aláké Okukẹnu àti àwọn ìjòyè ṣe àdéhùn ní Abẹ́òkúta, pé kí àwọn adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí ẹnìkan kò lò. Ní ọdún 1861, oníkálùkù tẹ ìwé tirẹ̀ jáde. Láìpẹ́, Aláké sẹ́ àdéhùn náà.

Ìwé méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kà wọ́n pọ̀, kí ó kọ ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti yà. Ṣùgbọ́n ìwé méjì ni, ẹnu kan ni: àwọn àlejò ló kọ ọ́. Àwọn baba wa sì mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí ṣeé yá àlejò lò láìjẹ́ pé ó di tirẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, olórí òṣìkà ni. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ẹni tí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó sì wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà Abẹ́òkúta.