Ògiri tó ń di ilẹ̀ mú gbọ́dọ̀ lanu

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́, n kì í ṣe bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri ni mo gbé wá lónìí, nítorí ohun tí ojú mi rí.

Àwa tá à ń gbé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó mọ̀ pé àárín òkè la kọ́lé sí. Bí òjò bá ti rọ̀, àgbàlá tó dagẹ̀rẹ́ a máa yọ̀, àgbàrá a sì máa wọ́ erùpẹ̀ lọ. A mọ ògiri búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn ilé wa láti di ilẹ̀ mú. Lóru ọjọ́ òjò kan, ó wó lulẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ògiri yẹn làwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Kí ló wó o? Omi ni. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tó ń di ilẹ̀ mú gbọ́dọ̀ lanu, kí omi lè ríbi jáde. Erùpẹ̀ tó bá rin gbingbin máa ń wúwo, omi tó há sẹ́yìn ògiri a sì máa tì í títí yóò fi ṣubú.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá yàn?

Bí ilẹ̀ kò bá dagẹ̀rẹ́ púpọ̀, ẹ gbin koríko sí i, kí gbòǹgbò rẹ̀ di erùpẹ̀ mú.

Bí ògiri kò bá ní í ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, òkúta tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa dára. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì gíga rẹ̀, ó kéré tán, kó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀ díẹ̀.

Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù lẹ fẹ́, ẹ lo oní-ínṣì 9. Kí irin ti inú ìpìlẹ̀ jáde wá, kí wọ́n sì rọ kọnkéré kún inú ihò búlọ́ọ̀kù.

Bó bá máa ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, tàbí tí ilé wà lókè rẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ má fi owó rẹ̀ ṣọ́ra.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mọ, ẹ fi páìpù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 síra wọn, kẹ́ ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ la gọ́tà sókè rẹ̀, kí omi òrùlé má bàa dà síbẹ̀. Ẹ má gbẹ́ sọkáwéè sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló wá kù. Ògiri tó gba ilẹ̀ là lè sọ àgbà di aláìsàn. Bí ìyá àgbà bá já bọ́ láti orí rẹ̀ tí eegun ìbàdí rẹ̀ dá, ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ lè fa egbò ẹ̀yìn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ fi irin yí orí ògiri ká, kó ga kọjá ìbàdí, kí ọmọdé má sì lè gba àárín rẹ̀ yọ. Kí àtẹ̀gùn dọ́gba, kó ní irin ìdìmú, kí iná sì wà níbẹ̀ lálẹ́.

Kí òjò tó dé, ẹ yẹ ògiri yín wò. Bó bá ń yọ ikùn, tó ń là, tàbí tó ń tẹ̀ síwájú, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Bí omi kò bá sì jáde mọ́ lẹ́yìn òjò, ẹ ro ihò páìpù. Ilé wa ò ní í wó lé wa lórí o.