Òótọ́ àbí irọ́? Sẹ́ẹ̀lì tó ń pa jẹjẹrẹ

Ara wa ní sẹ́ẹ̀lì tó ń pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀.

Òótọ́ pọ́ńbélé. Natural killer lorúkọ rẹ̀, NK ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Rolf Kiessling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀, ní 1975. Sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn máa ń gbé àmì kan sára pé ọmọ ilé lòun. Jẹjẹrẹ gbọ́n féfé, ó lè bọ́ àmì yìí sọnù kí àwọn ọmọ ogun ara yòókù má baà rí i mú. Àṣé ẹni tí kò lámì gan-an ni NK ń wá, bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń bi èrò òru ní káàdì. Bó bá ti rí i, á lẹ̀ mọ́ ọn, á lu ara rẹ̀ ní ihò, á da oró síbẹ̀. Ó parí nìyẹn.

Kí ló wá dé tí jẹjẹrẹ ṣì ń pani? Jẹjẹrẹ náà lóògùn tirẹ̀: ó ń tú ohun tó ń sọ NK di ọ̀lẹ jáde.

NK ti ara aláìsàn nìkan ni wọ́n lè fi tọ́jú rẹ̀.

Irọ́. Ní ilé ìwòsàn MD Anderson, Houston, inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ni Katy Rezvani àti ikọ̀ rẹ̀ ti mú un, wọ́n tún un ṣe kó lè dá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan mọ̀. Èsì tó jáde ní 2020: nínú aláìsàn 11, ara 8 gbà á, àmì àrùn sì pòórá lára 7. Ìròyìn yẹn tàn káàkiri! Ní 2024, nígbà tí àwọn aláìsàn náà ti di 37, bí ìdajì lara wọn gbà á. Lẹ́yìn ọdún kan, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni àrùn ò tíì gbérí padà lára rẹ̀. Èsì kejì yìí kì í dé orí WhatsApp.

Àgúnmu tó ń “gbé NK sókè” ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Irọ́ gbuu. Nínú ìdánwò 2020 yẹn, ìwọ̀n tó pọ̀ jù jẹ́ mílíọ̀nù 10 sẹ́ẹ̀lì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi méjì sìn nínú yàrá àyẹ̀wò. Ṣíbí wo ló gba ìyẹn? Ẹni tó sì ń torí NK sá fún kímò (chemotherapy), kímò ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn aláìsàn Houston, kí sẹ́ẹ̀lì àlejò lè ráyè gbé nínú ara wọn.