Ìwọ̀n Ọmọ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Kí Wọ́n Tó Bí I

Ẹni tó bá dúró létí títì tó gba Tchatchou kọjá lọ sí Parakou, tó ní òun ń wá ọmọ tó sanra jù, yóò dúró pẹ́. Ọmọ tó gbẹ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri ilẹ̀ Benin ní 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bíi 32 ni gíga wọn kò tó ọjọ́ orí wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá dá ọ̀rọ̀ ìsanra àpọ̀jù sílẹ̀ lágbègbè Tchaourou yìí, wọ́n á ní ká gbé e lọ fún àwọn olówó Kútọnú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé àìrí oúnjẹ tó yẹ jẹ aboyún wà lára ohun tó ń mú kí ọmọ rẹ̀ sanra jù lọ́jọ́ iwájú. Ìlú tí ọmọ tín-ínrín pọ̀ sí lónìí gan-an ló yẹ kó máa ṣọ́ ìsanra, pàápàá nígbà tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Ẹ̀rí tó gbajúmọ̀ jù wá láti ilẹ̀ Netherlands. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, ebi sì mú olówó àti tálákà. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin tó wà nínú oyún lásìkò náà pé ọdún 19, tí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ológun, àwọn olùwádìí Ravelli, Stein àti Susser kó ìwé àyẹ̀wò nǹkan bí 300,000 jọ, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1976. Àwọn tí ebi bá ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún ni ìsanra àpọ̀jù pọ̀ sí láàárín wọn. Àwọn tó jẹ́ ìparí oyún àti ìgbà ọmọ ọwọ́ ni ebi bá kò sanra tó ẹgbẹ́ wọn. Àsìkò tí ebi dé ṣe pàtàkì tó ebi fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí kan sún mọ́ wa ju èyí lọ. Ní 2010, Martin Hult àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún 1,339 èèyàn ní Enugu, nílẹ̀ Nàìjíríà, jáde. Àwọn tí ìyàn ìgbà ogun Biafra bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ìsanra ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, láàárín 1971 sí 1974. Ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni ọjà kan náà ni wọ́n ń ná.

Báwo ni ebi ṣe wá ń di ọ̀rá? Àwọn onímọ̀ Hales àti Barker ṣàlàyé kan ní 1992 tí mo rò pé ó mọ́gbọ́n dání: bí oúnjẹ tó ń gba ibi ọmọ kọjá bá kéré, ọmọ inú á fi tirẹ̀ tọ́jú ọpọlọ, á wá fi ohun tó kù ṣe iṣan, kíndìnrín àti ẹ̀yà ara tí ń pèsè ínsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ara náà á kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú pamọ́. Bí ayé tó bọ́ sí bá jẹ́ ayé ọ̀wọ́n, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ayé bisikí àti ẹlẹ́rìndòdò, ìṣòro dé. Olùwádìí Yajnik rí i ní Pune, nílẹ̀ Íńdíà, pé àwọn ọmọ tuntun níbẹ̀ wọn bíi kílò 2.7, nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 3.5. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé iṣan ló dín kù lára àwọn ọmọ Íńdíà yìí, ọ̀rá ẹ̀yìn èjìká wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Òdìkejì rẹ̀ náà kò dára: ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ínsúlínì ìyá kì í kọjá, ọmọ á wá máa ṣe tirẹ̀ ní àṣejù, á sì fi ọ̀rá kún ara kó tó wáyé.

Àwọn kan á ní àjogúnbá lásán ni, pé ẹni tí ìyá rẹ̀ tóbi ni òun náà ń tóbi. Àjogúnbá wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Pima, ẹ̀yà kan ní Arizona nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Dabelea àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọmọ ìyá wé ọmọ ìyá ní 2000: èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ìyá ti ní àtọ̀gbẹ sanra ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí kó tó ní in. Inú tó gbé wọn ló yí padà. Ní Tchatchou, ohun tó ń yí inú padà ni oṣù tí iṣu àtijọ́ ti tán nínú abà tí tuntun kò tíì jáde, àti òjò tó ń kó ẹ̀fọn wá. Ibà inú oyún máa ń ba ibi ọmọ jẹ́, ó sì ń dín ìwọ̀n ọmọ kù. Ní Keneba, nílẹ̀ Gambia, ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé àsìkò tí wọ́n lóyún ọmọ, yálà òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, máa ń fi àmì sára bí àjogúnbá rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn àmì tó hàn sójú wà, wọn kò sì gbówó lórí. Èkíní ni nọ́ńbà tí agbẹ̀bí kọ sínú carnet (ìwé ìlera ọmọ) lọ́jọ́ ìbí: ọmọ tí kò tó kílò 2.5, àti èyí tó ju 4 lọ, ni ká máa fojú sí. Lẹ́yìn náà ni bí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ọmọ kékeré tó fò sókè kíákíá láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ìyá máa ń fi yangàn, ṣùgbọ́n irú wọn ló máa ń sanra jù. Ọmọ máa ń rù díẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan kó tó tún kún ní bíi ọdún mẹ́fà. Bó bá tètè kún kó tó pé márùn-ún, ẹ bi agbẹ̀bí léèrè. Fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́fà, ẹ fi okùn wọn gíga rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ẹ ṣẹ́ okùn náà sí méjì, kí ẹ fi yí ikùn rẹ̀ ká. Bí etí okùn kò bá pàdé, ikùn ti pọ̀ jù. Àmì kan tún wà tí wọ́n máa ń pè ní ìdọ̀tí: ẹ̀yìn ọrùn tó dúdú, tó nípọn, tó rí bí aṣọ àrán, tí ìyá fi kànìnkànìn gbo títí tí kò lọ. Àmì pé ínsúlínì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí wọ́n má lọ fi gbogbo èyí dá ìyá lẹ́bi. Aboyún tó ń ru igi, tí ọkọ rẹ̀ ń mú ẹran inú ọbẹ̀, tí kò rí àwọ̀n ẹ̀fọn sùn sí, kò yan ìwọ̀n ọmọ rẹ̀. Ìwádìí wọ̀nyí kò sì sọ pé ọmọ tó kéré gbọ́dọ̀ sanra. Ọ̀pọ̀ kì í sanra. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a má fi ṣúgà àti ẹ̀kọ kún un nítorí pé ó kéré, ọmú nìkan ni kó mu fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí aboyún rí ẹ̀wà, ẹyin àti wàgáṣì jẹ láti oṣù àkọ́kọ́, ẹ tètè mú un lọ ilé ìgbẹ̀bí fún oògùn ibà àti àyẹ̀wò ṣúgà, kí ẹ má sì sọ carnet ọmọ nù.