Àwọn Ọmọ Ukréìn Ilẹ̀ Pólándì àti Èdè Wọn

Bí a bá dárúkọ àwọn ọmọ Ukréìn tí ń gbé ní Pólándì, àwọn tí ogun ọdún 2022 lé kúrò nílé ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Àwọn kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ Pólándì láti ìran dé ìran. Ẹ̀bá òkè Bieszczady, ní gúúsù ìlà-oòrùn, ni ilé baba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá wọn lónìí, àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ni yóò gbà lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1947, àwọn ajagun abẹ́lẹ̀ Ukréìn pa Ọ̀gágun Karol Świerczewski. Ìjọba gùn lé ikú yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń gbèrò ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí yí abúlé ká. Nǹkan bí 140,000 ènìyàn, tọmọdé tàgbà, ni wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ tí àwọn ará Jámánì ti kúrò. Ètò náà ni wọ́n pè ní Akcja Wisła.

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè, ìlànà kan nínú rẹ̀ ni ó ká mi lára jù: pé wọn kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ ní ibikíbi tí a bá kó wọn sí. Ẹ wò ó dáradára. Ọmọ kì í gba èdè lẹ́nu ìyá nìkan. Ó ń gbà á lẹ́nu ẹgbẹ́, lẹ́nu ọlọ́jà, lẹ́nu olùkọ́. Bí ilé kan nínú mẹ́wàá bá ń sọ ọ́, tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì ń fojú ọ̀tá wo onílé náà, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò máa sọ ní ìta?

Ọdún 1956 ni ìdè náà dẹ̀ díẹ̀, tí ìwé ìròyìn wọn, Nasze Słowo, ìyẹn ‘Ọ̀rọ̀ Wa’, bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ilé-ìwé tí ń kọ́ni ní èdè Ukréìn wà ní Biały Bór àti Bartoszyce, ní àríwá gan-an tí wọ́n kó wọn dà sí. Ní 1990, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Pólándì bẹnu àtẹ́ lu Akcja Wisła. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, nǹkan bí 51,000 ènìyàn ni ó pe ara wọn ní ọmọ Ukréìn.

Òfin ọdún 2005 ka àwọn Lemko, tí wọ́n kó pẹ̀lú wọn, sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Àwọn Lemko kan gbà bẹ́ẹ̀; àwọn mìíràn ní ọmọ Ukréìn ni àwọn. Ẹnu àwa onímọ̀ èdè pàápàá kò tí ì kò lórí rẹ̀.